Ìdí tí Ohùn Ẹ̀lúlùú fi ń Rì kí Ó tó Gòkè

Ní ayé ìgbà kan, kí ènìyàn tó gbin iṣu àkọ́kọ́ sí etí igbó, èdè kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyẹ àti ẹranko ń sọ. Nígbà náà, orí igi tó ga jù lọ ni Ẹ̀lúlùú ń gbé. Ojú rẹ̀ funfun bí òwú. Ohùn rẹ̀ kì í sì í rì. Ṣe ni ó máa ń gòkè, tí yóò máa gòkè bí ẹni tí ń gun ọ̀pẹ, títí yóò fi já lójijì.

Ẹ̀lúlùú ni ó ń sọ ìtàn fún gbogbo igbó. Bí oòrùn bá ti rẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á kóra jọ sí ìdí igi ìyeyè. Ọ̀kẹ́rẹ́ á sáré dé kí ó lè rí ẹ̀ka tó dára jókòó sí. Bàbá Ìmàdò, àgbà tí eyín rẹ̀ yọ síta, á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú ewé gbígbẹ, á mí hìn-ìn. Àwọn ọmọdé á sún mọ́ ara wọn níwájú.

Kò sí ẹni tó mọ ìtàn sọ bí i tirẹ̀. Bí ó bá ní ebi ń pa ẹnìkan nínú ìtàn, inú àwọn tó ń gbọ́ á máa kùn. Bí ó bá ní ẹkùn ba sí ẹ̀yìn igbó, kò sí ẹni tí yóò lè bojú wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Kì í parí ìtàn.

Ìgbà tí ẹkùn bá gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ehoro há sí kòtò, tí àyà gbogbo wọn ń lù kì-kì-kì, ìgbà náà ni Ẹ̀lúlùú yóò dìde tí yóò gbọn ìyẹ́ rẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ lọ sùn."

"Ehoro wá ńkọ́?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń béèrè. "Ẹkùn pa á ni, àbí kò pa á?"

"Ó di ọ̀la."

Bí ó bá sì di ọ̀la, ìtàn mìíràn ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ehoro ti àná á wà nínú kòtò rẹ̀ títí ayé.

Ọ̀rọ̀ náà ń dun gbogbo igbó. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í rí oorun sùn mọ́. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní rántí ibi tí ó rì ẹyìn rẹ̀ sí. Bàbá Ìmàdò pàápàá máa ń ta gìrì lójú oorun, á máa pariwo pé, "Sá, ehoro, sá!" Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á tún padà wá, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀lúlùú kò ṣe é láti fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń dá gbé ni. Ní ọdún kan, ẹyin méjì tí ó yé sórí igi gíga yẹn, afẹ́fẹ́ gbé wọn jábọ́. Láti ìgbà náà, ìtẹ́ rẹ̀ dákẹ́. Kìkì ìrọ̀lẹ́ ni ó ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn.

"Bí mo bá parí ìtàn fún wọn," ni ó máa ń sọ fún ara rẹ̀, "kí ni wọ́n á tún wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Nítorí náà, ó ń dá ìtàn dúró ní ibi tí ó ti dùn jù, bí ẹni tó di aṣọ àlejò mú kí ó má baà lọ.

Lára àwọn ọmọ tó ń jókòó níwájú ni ọmọ ẹtu kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ọmọ náà tínrín, etí rẹ̀ tóbi, kò sì lè sọ̀rọ̀ láì béèrè ìbéèrè. Òun ni ó kọ́kọ́ pe Ẹ̀lúlùú ní "Màmá". Ọjọ́ tí ó pè é bẹ́ẹ̀, Ẹ̀lúlùú yí ojú sẹ́yìn, ó ṣe bí ẹni tí kòkòrò kó sí lójú.

Ní àsìkò òjò, ẹ̀gún wọ Àwẹ̀ró ní ẹsẹ̀. Wọ́n yọ ẹ̀gún náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wú, ara ọmọ sì gbóná. Ewé tó ń fa irú oró bẹ́ẹ̀ jáde wà, òdìkejì odò ni ó ti ń hù.

Ìyá Àwẹ̀ró wá sí ìdí igi Ẹ̀lúlùú ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.

"Ẹ kúulé o, ẹ̀gbọ́n."

"O kú àárọ̀ o. Ọmọ ńkọ́?"

"Kò sùn. Mo fẹ́ sọdá lọ já ewé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó tì í. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ìrora náà á fúyẹ́."

"Máa lọ," ni Ẹ̀lúlùú wí. "Ọ̀dọ̀ mi ni o fi í sí."

Ìyá Àwẹ̀ró mú ọmọ rẹ̀ wá, ó tẹ́ ewé fún un sí ìdí igi náà, ó lá a ní iwájú orí, ó sì lọ.

Òjò kò rọ̀ ní igbó wọn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń rọ̀ lókè odò. Wọ́n ń gbọ́ àrá láti ọ̀nà jíjìn. Oòrùn dé àtàrí, ìyá kò dé. Oòrùn yẹ̀ lórí, ìyá kò dé.

"Màmá," ni Àwẹ̀ró wí láti orí ibùsùn ewé rẹ̀, "ẹ sọ ìtàn fún mi."

Ẹ̀lúlùú bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá àgbọ̀nrín kan wà láéláé tó lọ wá iyọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì odò. Ó ní iyọ̀ náà funfun, ó di í sínú ewé, ó gbé e kọ́ ọrùn. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, odò ti kún. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ewé kan kò mì, omi nìkan ló ń hó. Ìyá àgbọ̀nrín kò lè fò, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Omi dé orúnkún rẹ̀. Omi dé ikùn rẹ̀. Omi dé àyà, omi dé ọrùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kò bá ilẹ̀...

Etí Àwẹ̀ró méjèèjì nà ṣánṣán. Kò tilẹ̀ rántí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ó wá ṣe báwo, Màmá?"

Ọ̀fun Ẹ̀lúlùú kò mọ ju ohun tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ já.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Sùn díẹ̀. Ó di ọ̀la."

"Ṣé ó délé?"

"Mo ní ó di ọ̀la, ọmọ mi."

Àwẹ̀ró di ojú. Ẹ̀lúlùú rò pé ó ti sùn. Ó fò lọ sókè láti lọ wá tata jẹ, nítorí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sùn. Inú òkùnkùn ojú rẹ̀ tó dì, ìyá àgbọ̀nrín ṣì wà nínú omi, omi sì wà ní ọrùn rẹ̀. Bí ó ti ń wò ó, ìyá àgbọ̀nrín náà yí ojú padà. Ojú ìyá òun fúnra rẹ̀ ni ó rí.

Ó dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì kọrí sí odò.

Nígbà tí Ẹ̀lúlùú sọ̀kalẹ̀, ìkùukùu ti bo igbó, òjò sì ti ń kán. Orí ibùsùn ewé ṣófo. Ó fi ìyẹ́ kan ewé náà, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ó rí ipa pátákò nínú ẹrẹ̀, pátákò mẹ́ta, ìkẹrin kò tẹlẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" ni ó ké.

Ó fò, ó ń fara gbá igi, títí ó fi dé etí omi, ó bà lé igi kan.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà ní inú odò, tí àwọn àgbà máa ń dúró sí láti wo òdìkejì. Orí rẹ̀ ni Àwẹ̀ró wà. Nígbà tí ó ń lọ síbẹ̀, omi kò ju kókósẹ̀ lọ. Nísinsìnyí, odò ti yí i ká, omi pupa tó ń gbé igi lọ. Omi ti ń lá etí òkúta náà.

Ẹ̀lúlùú rí Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ẹ̀ka. "Sáré! Lọ pe Bàbá Ìmàdò! Kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti lọ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n omi kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀lúlùú mọ̀ pé ọ̀nà òkúta kan wà lábẹ́ omi, láti òkúta pẹlẹbẹ dé bèbè. Ọ̀nà náà tóóró, ó sì wọ́. Ẹni tí kò bá kánjú lè gbà á.

"Àwẹ̀ró! Máa bọ̀ níbí!"

"Mi ò wá!" Ohùn ọmọ náà ń gbọ̀n. "Mo ń wo ìyá mi. Ṣé ìyá àgbọ̀nrín délé?"

"Ó délé! Ó délé, ọmọ mi! Afẹ́fẹ́ ńlá kan gbé e, ó gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Ó ti parí. Yáa máa bọ̀!"

Àwẹ̀ró wò ó. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Irọ́ ni, Màmá. Ẹ ní afẹ́fẹ́ kò fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ewé kan kò mì. Ẹ kàn fẹ́ kí n dákẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹ̀lúlùú lára. Òótọ́ ni. Ó ti fi ọmọ sínú omi, ó wá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ tí kò sí yọ ọ́. Èyí tó tún burú ni pé kò mọ bí ìtàn náà ti parí. Kò mọ bí èyíkéyìí nínú àwọn ìtàn rẹ̀ ti parí. Kò débẹ̀ rí.

Ó fi orí igi sílẹ̀, ó bọ́ sínú igbó kúkúrú tó wà ní bèbè, kí ojú òun àti ojú ọmọ lè ṣe mẹ́rin. Òjò ń lu ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"O tọ̀nà," ni ó wí. "Mo parọ́. Jẹ́ kí n wá a dáadáa."

Ó ronú sí ìyá àgbọ̀nrín náà. Kí ni ó ní? Kò ní ìyẹ́. Kò ní olùrànlọ́wọ́. Ó ní pátákò tó mọ òkúta yàtọ̀ sí ẹrẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tí ó mọ orúkọ wọn.

"Gbọ́," ni Ẹ̀lúlùú wí. "Ìyá àgbọ̀nrín kò fò. Ó fi pátákò wá òkúta lábẹ́ omi. Ó rọra. Ó wá a, ó wá a, ó sì bá a."

Àwẹ̀ró na pátákò rẹ̀ sínú omi. Ó wá a. Ó bá òkúta.

"Omi dé orúnkún rẹ̀," ni Ẹ̀lúlùú wí.

Àwẹ̀ró sọ̀kalẹ̀. Omi dé orúnkún òun náà.

"Omi dé ikùn rẹ̀." Ohùn Ẹ̀lúlùú bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kò rì bẹ́ẹ̀ rí. "Lúù. Omi dé àyà. Lúù. Omi dé ọrùn..."

Ọmọ náà ti wà ní àárín. Orí àti etí rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kò bá ilẹ̀.

"Màmá!" ni ó ké. "Ṣé ibí ló parí sí?"

Ibí gan-an ni ohùn Ẹ̀lúlùú ti máa ń já. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ dúró. Ó fi èékánná di ẹ̀ka mú.

"Kò parí síbí," ni ó wí, ní ohùn tó rì sísàlẹ̀, tó sì ń bá ojú omi lọ jìnnà, tí ọmọ náà fi dúró jẹ́ẹ́ láti gbọ́ ọ. "Ìyá àgbọ̀nrín kò kánjú. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀, odò á gbé e lọ. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ó dúró. Ó pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹsẹ̀ sí ọwọ́ òsì."

Àwẹ̀ró fa ẹsẹ̀ padà. Ìyá kan ṣoṣo ni ó ní láti pè, ó sì ń pè é, ó ń pè é. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹsẹ̀ sí ọwọ́ òsì.

Òkúta wà níbẹ̀.

"Omi kúrò ní ọrùn rẹ̀!" Ohùn Ẹ̀lúlùú bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. "Ó kù ní àyà! Lúù! Ó kù ní ikùn! Lúù! Ó kù ní orúnkún! Ó gun bèbè!"

Àwẹ̀ró gun bèbè, ó ṣubú sínú igbó kúkúrú náà. Ẹ̀lúlùú na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi bò ó.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn kékeré kan jáde lábẹ́ ìyẹ́.

"Iyọ̀ ńkọ́, Màmá?"

Ẹ̀lúlùú rò ó. Kò fẹ́ parọ́ mọ́.

"Iyọ̀ ti yọ́ sínú omi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá. Oúnjẹ àtẹ́, tí kò níyọ̀, ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìyá wọn ló fi bọ́ wọn."

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Ó gbé orí lé ẹsẹ̀ Ẹ̀lúlùú, ó sì sùn. Kò ta gìrì, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Nígbà tí Bàbá Ìmàdò fọ́ igbó dé, tí ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tí Ọ̀kẹ́rẹ́ dì mọ́ ọn lẹ́yìn, Ẹ̀lúlùú gbójú sókè, ó ní, "Ẹ rọra. Ó ti sùn."

Bàbá Ìmàdò wo omi, ó wo ọmọ. Ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó fi ara rẹ̀ ńlá dí òjò. Ẹ̀lúlùú sì rọra sọ ìtàn náà fún òun àti Ọ̀kẹ́rẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi fà. Ìyá Àwẹ̀ró sọdá, ewé wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó rí ọmọ rẹ̀ ní etí odò, ewé náà bọ́ sílẹ̀. Ó lá a láti orí dé ìrù kí ó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí fún Ẹ̀lúlùú, "òdìkejì níbẹ̀ yẹn ni mo wà lánàá. Ìkùukùu ò jẹ́ kí n rí nǹkan. Mo rò pé ọmọ mi á ti máa sunkún. Mo ti fẹ́ bẹ́ sódò níbi tó jìn jù. Ohùn yín ni mo gbọ́ tó ń rì, tó ń rì. Mo gbọ́ pé ẹni tó bá kánjú, odò á gbé e lọ. Mo jókòó. Nígbà tí ohùn náà gòkè, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti gun bèbè. Mo sì lè dúró de ilẹ̀ tó mọ́."

Ẹ̀lúlùú yíjú sí i. Ojú rẹ̀ tí ó là sínú òjò láìṣẹ́jú ti pọ́n bí ẹyìn.

Wọ́n gún ewé, wọ́n fi di ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Kí ó tó di ọ̀sán, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kárí igbó. Gbogbo wọn ti mọ bí ìyá àgbọ̀nrín ti sọdá. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé iyọ̀ yọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀lúlùú kò lọ sí ìdí igi ìyeyè. Ó jókòó sínú igbó kúkúrú, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Wọ́n ti mọ òpin rẹ̀," ni ó rò. "Kò sí ẹni tí yóò wá."

Ó gbọ́ ìró ewé gbígbẹ. Bàbá Ìmàdò ni. Oòrùn kò tíì rẹlẹ̀ rárá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, Àwẹ̀ró ń tiro bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ ti tètè dé," ni Ẹ̀lúlùú wí. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ fèsì. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Mo sùn lánàá! Mo sùn fọnfọn. Mo jí, mo rántí ibi tí ẹyìn mi wà."

"Kí ni ẹ wá wá gbọ́? Ìtàn ti parí."

Bàbá Ìmàdò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. "Ìdí tí a fi tètè wá nìyẹn," ni ó wí. "Tẹ́lẹ̀, ìyà ni ó ń gbé wa wá. Lónìí, adùn ni. Jọ̀ọ́, ìwọ Ẹ̀lúlùú, yọ ehoro yẹn kúrò nínú kòtò fún mi. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ jù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀lúlùú náà rẹ́rìn-ín. Ó sì bẹ̀rẹ̀.

Kò padà sórí igi gíga mọ́. Inú igbó kúkúrú, nítòsí ilẹ̀, níbi tí ọmọdé lè nawọ́ kàn án, ni ó kọ́ ìtẹ́ sí. Nígbà tí ó tún yé ẹyin, afẹ́fẹ́ kò rí wọn gbé.

Àtìgbà yẹn ni ojú Ẹ̀lúlùú ti pọ́n. Àtìgbà yẹn ni ó ti ń gbé inú igbó kúkúrú, tí a kì í sì í rí i ní orí igi gíga. Bí òjò bá ṣú, á máa ké fún gbogbo ìyá tó wà ní òdìkejì odò: lúù, lúù, lúù. Ohùn rẹ̀ á máa rì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí omi ń mù dé orúnkún, dé àyà, dé ọrùn. Á dá wáí, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ilẹ̀. Bí o bá gbọ́ ọ níbẹ̀, má fòyà, má sì tíì lọ. Dúró díẹ̀. Yóò gòkè.